Ohun Tí Ọwọ́ Ń Gbọ́ Lára Volant

Nínú iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe, àwọn nǹkan kan wà tí ojú kò lè rí, tí etí kò sì lè gbọ́. Ọwọ́ nìkan ni ó ń mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ volant wà lára wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ní kí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Òun náà ni ó ń sọ fún awakọ̀ bí táyà ṣe di ilẹ̀ mú. Bí táyà iwájú bá fẹ́ yọ̀, volant a kọ́kọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni: ìkìlọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tí volant rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ọwọ́, odi ni.

Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ṣe é. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan gbé Peugeot 504 Coupé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé lọ wá bá wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ ọkọ̀ náà, ẹlẹ́nu-ọ̀nà méjì ni. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ní ìlú Turin, ní Ítálì, ni ó ya àwòrán rẹ̀ tí ó sì ṣe ara rẹ̀, láti 1969 títí di 1983. Kì í ṣe ọkọ̀ ẹwà lásán. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi irú rẹ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì V6 gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, ó sì tún fi gba ti Côte d'Ivoire lọ́dún kan náà.

Arábìnrin náà ní bí òun bá ti sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà Pọbẹ̀ sí Kétu, ọkọ̀ a máa rìn bí ọ̀mùtí. Bí ó bá sì di ibi tí òun yóò ti yà, volant a le bí ọlọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n pín owó rẹ̀. Ó bẹ̀ wá pé kí a mú kí volant rọ̀ bíi ti ọkọ̀ òde òní, kí òun lè ní ohun tí òun yóò fi dá wọn lóhùn. Ọmọ iṣẹ́ kan dábàá pé kí a fi direction assistée ọkọ̀ mìíràn rọ́pò gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi kò gbà. Wọ́n ní, "Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń ṣe é. Rírọ̀ kọ́ ni ìlera."

Orí táyà ni a ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi síwájú fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì tó. Irú táyà bẹ́ẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì máa dá apá lágara. A fi èyí tí ó bá ọkọ̀ mu rọ́pò rẹ̀, púpọ̀ nínú líle náà sì lọ.

Lẹ́yìn náà ni a wá ibi tí ó ti dẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan jókòó sínú ọkọ̀, ó ń mi volant díẹ̀díẹ̀. Èmi wà lábẹ́, mo gbé ọwọ́ lé oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bí apá kan oríkèé bá ṣí kí ìkejì tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Rotule òsì ti jẹ. Rọ́bà tí ó so ọ̀pá volant mọ́ crémaillère ti gbó. Silentbloc tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú nísàlẹ̀ ti ya, ẹsẹ̀ náà sì ń sún sẹ́yìn. Èyí ni ó burú jù, nítorí pé a mọ̀ọ́mọ̀ mú kí orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀, bíi fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́, kí táyà lè máa dá ara rẹ̀ padà sójú ọ̀nà tààrà. Bí ìdàsẹ́yìn náà bá dín kù, volant kò ní mọ ilé mọ́.

Crémaillère ni ó gba sùúrù jù. Ọ̀pá eléyín ni. Nítorí pé ọ̀nà tààrà ni à ń rìn jù, eyín àárín ni ó máa ń jẹ jù. Bí a bá fún un títí àárín kò fi dẹ̀ mọ́ rárá, yóò há ní ìkangun méjèèjì. A fún un díẹ̀, a yí volant láti ìkangun dé ìkangun, a tún fún un díẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ máa há, ọ̀gá mi ní kí a dúró, bí àárín tilẹ̀ ṣì dẹ̀ díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìkẹyìn ni a ṣe parallélisme, nítorí pé ẹni tí ó bá to ẹsẹ̀ kí ó tó tún oríkèé ṣe, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò ṣe.

Arábìnrin náà wà á lọ sí Kétu, ó sì wà á bọ̀. Ó ní kò rọ̀ tó bí òun ṣe rò, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́ ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tí ó le jù lórí ọ̀rọ̀ títà ni ó kọ́kọ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ kí òun náà wà á wò. Wọn kò tíì tà á.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan nínú iṣẹ́ yìí: Faransé ni a fi ń pe ẹ̀yà ọkọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀gá mi fi ń pe àìsàn rẹ̀. Wọ́n á ní ó dẹ̀, ó há, ó le gbagidi, ó ń gbọ̀n rìrì, ó ń mì jìgìjìgì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ibi tí ó ń rán ọwọ́ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́ ìlò ẹ̀rọ tí ń ka àìsàn ọkọ̀; ó dára. Ṣùgbọ́n 504 kò ní ibi tí a ó ki okùn rẹ̀ bọ̀. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ́ràn, kí ẹ sì bi wọ́n ní orúkọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọ̀gá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógún sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ó ṣì ku púpọ̀.