Ìkòkò Ọbẹ̀ àti Ológbò Inú Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Nítorí iṣẹ́ ọdẹ yìí ni ó ṣe rí ààyè nínú ilé àwọn tí ń ta ẹ̀wà, àgbàdo àti èlùbọ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ohun tí ó bá ṣẹ́kù lórí àwo lọ: ẹ̀bà tí a pò mọ́ ọbẹ̀, orí ẹja, egungun adìẹ. Ẹni tí ó fún un kò gbèrò ibi. Ó rò pé ohun tí ó dùn lẹ́nu ènìyàn kò lè korò níkùn ẹran. Ṣùgbọ́n ikùn ológbò kì í ṣe ikùn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ikùn ajá.

Àlùbọ́sà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí í máa ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Sísè kò pa oró náà, gbígbẹ kò pa á, lílọ̀ kò sì pa á. Gíráàmù 5 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ tó láti ṣe ìpalára. Gíráàmù 20 péré lè da ológbò tí ó wọn kìlógíráàmù 4 láàmú. Aáyù pẹ̀lú jẹ́ ọmọ ìyá àlùbọ́sà, ewu rẹ̀ kò sì kéré. Àìsàn náà kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ó máa ń rẹ ẹran náà, èrìgì rẹ̀ a funfun, ìtọ̀ rẹ̀ a dúdú, a sì máa mí gúlegúle. Bí ó bá kú, aládùúgbò ni a ó máa fura sí pé ó fi májèlé sínú ẹja, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ìkòkò ilé ni májèlé ti wá.

Ẹlòmíràn a ní, “Ó ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́, kò kú.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ tí a ń fún un lójoojúmọ́ lè kó jọ di púpọ̀.

Ẹ̀bà fúnra rẹ̀ kò ní oró, ṣùgbọ́n ó ń kún ikùn láì tọ́ ara. Ìbátan ẹkùn ni ológbò; ẹran ni a dá a mọ́. Ó nílò èròjà kan tí a ń pè ní taurine, èyí tí ara rẹ̀ kò lè ṣe tó. Inú ẹran, ẹja àti èkúté ni ó wà. Kò sí nínú gbágùúdá. Ní 1975, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àìní rẹ̀ ń ba ẹ̀yìn ẹyinjú ológbò jẹ́. Ní 1987, wọ́n fi hàn pé ó ń sọ ọkàn rẹ̀ di aláìlágbára.

Wàrà tí gbogbo ènìyàn kà sí oúnjẹ rẹ̀ kò bá ọ̀pọ̀ ológbò tí ó ti dàgbà lára mu. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó máa ń fà. Egungun tí a ti sè a máa ṣẹ́ ṣóńṣó, a sì lè gún un ní ọ̀fun. Àwọn ẹja tútù kan, bí a kò bá sè wọ́n, a máa pa fítámì B1 run lára rẹ̀.

Síbẹ̀, kò pọn dandan kí ó jẹun lọ́tọ̀ pátápátá. Kí ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò, kí a yọ ẹran tàbí ẹja díẹ̀ tí a ti bọ̀ sọ́tọ̀ fún un, kí a mú egungun kúrò, kí a sì gbé omi mímọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹyin sísè náà dára. Bí ó bá sì ti jẹ àlùbọ́sà, kí a má dúró de àmì àìsàn kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.