Fíúsì Tó Jó Nílé Ìdáná Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti oríkì tàbí ti ìtàn àwọn ọba. Ọ̀rọ̀ nípa ohun kékeré kan ni, tí kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, ṣùgbọ́n tí ó mú kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún ìyá mi láti ìgbà èwe.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ kí ìyá mi ní Ìbàdàn. Mo bá wọn nílé ìdáná, wọ́n ń lọ ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín fún àlejò. Wọ́n ti rọ ẹ̀wà bíbó náà kún inú bílẹ́ńdà dẹ́nu, omi tí wọ́n bù sí i kò sì tó nǹkan. Bílẹ́ńdà náà kùn, ó kérora, ó dákẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò fọhùn. Iná sì wà, nítorí pé fáànù ń yí lókè.

Wọ́n ní, "Àkànní, ṣe é bí o ti ṣe kẹ́tùlù wa láyé ọjọ́sí. Wá bébà sìgá wé e."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kẹ́tùlù oníná tí a fi ń se omi tíì daṣẹ́ sílẹ̀. Mo tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo rí i pé fíúsì ti jó. N kò lówó lọ́wọ́, n kò sì ní sùúrù. Mo mú bébà fàdákà inú páálí sìgá, mo fi wé fíúsì náà, mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Omi hó! Ìyá mi yìn mí, wọ́n pè mí ní ẹnjiníà. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, okùn kẹ́tùlù gbiná ní òwúrọ̀ kan. Kọ́tìnnì ojú fèrèsé jó, ògiri dúdú, iná sì jó ìyá mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní olónìí. Gbogbo ará ilé dá obìnrin tí ó ta kẹ́tùlù náà lẹ́bi. Èmi kò sọ nǹkan kan.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé oníbodè ni fíúsì jẹ́. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbà á. Ọdún 1947 ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fíúsì rẹ̀, ara wáyà yìí sì ni gbogbo iná tí ẹ̀rọ ń lò ń gbà kọjá. Bí iná náà bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, wáyà yóò gbóná, yóò yọ́, yóò sì já. Ó kú kí ilé má baà jó. Okùn kẹ́tùlù wa ti bó níbi ọrùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igbe ohun tí fíúsì ń ké nìyẹn. Dípò kí n wá ìdí igbe náà, ẹnu ni mo pa á mọ́. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Nítorí náà, n kò wá bébà sìgá lọ́tẹ̀ yìí. Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá, mo fi ẹnu sukurudíráfà kékeré yọ fíúsì láàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti dán an wò, mo mú tọ́ọ̀ṣì onírin, mo ṣí ìdérí ìdí rẹ̀, mo fi fíúsì so ìdí bátìrì pọ̀ mọ́ ara tọ́ọ̀ṣì náà, mo sì tẹ súwíìṣì rẹ̀. Bí fíúsì bá sàn, tọ́ọ̀ṣì yóò tàn. Kò tàn.

Nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ ni 3, àwọ̀ pupa. Ọmọkùnrin tí ó ń ta ohun èlò iná ládùúgbò na 13 sí mi, aláwọ̀ búráùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí lágbára jù, kò ní jó bọ̀rọ̀." Mo ní ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ wo iye wáàtì tí a kọ sí ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ fi 230, iye fóòtì iná wa, pín in. Wáàtì 350 ni bílẹ́ńdà ìyá mi. Bí a bá pín in, ó lé díẹ̀ ní áńpíà 1.5. Fíúsì 3 tó o. Kẹ́tùlù wáàtì 2,000 ń gba nǹkan bí áńpíà 8.7, òun ni ó ni 13. Ẹni tí ó bá fi 13 sínú púlọ́ọ̀gì tí a ṣe fún 3 ti ní kí oníbodè máa sùn.

Mo fi fíúsì tuntun sí i, ṣùgbọ́n n kò tíì tan án. Mo yẹ okùn rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò bó. Mo da ẹ̀wà jáde, mo rí i pé ẹ̀wà tó kì pọ̀ ló há abẹ rẹ̀. Mo dá ìdajì padà, mo bu omi sí i. Nígbà tí a wá tan án, bílẹ́ńdà fọhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo fa iná ọjọ́sí. Bébà sìgá yẹn ni." Wọ́n wo àpá ọwọ́ wọn, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "N kò kí obìnrin tó ta kẹ́tùlù yẹn mọ́ títí ó fi kú." Gbólóhùn yìí dùn mí ju ìgbátí lọ. Wọ́n ní kí n dìde, kí n da ẹ̀wà tó kù sí i, àlejò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè máa bèèrè ohun tí à bá máa pe fíúsì ní èdè wa. Inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó jẹ mọ́ yíyọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú tiwọn. Fíúsì tí a ń pè é kò burú, ṣùgbọ́n mo dá "aṣọ́ná" lábàá: ohun tí ó ń ṣọ́ iná. Kí ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa o, nítorí pé "aṣọ́nà" ni ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà.

Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì ilé yín wò. Bí ẹ bá bá bébà sìgá níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, ẹ má dúró pẹ́ tó bí mo ti dúró kí ẹ tó sọ ọ́.

Ire o.