Ètò Àríyá Ọlidé ní Lọ́kọ́ja

Ọjọ́ tí a ó ṣe àríyá náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ jiyàn lé lórí. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lọ́kọ́ja. Tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé gígùn, àwọn ọmọ àdúgbò a máa wá kàwé nínú àgbàlá rẹ̀ ní Lokongoma: ọmọ Igala, ọmọ Ebira, ọmọ Nupe, ọmọ Okun, gbogbo wọn á jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní òun fẹ́ ṣe àríyá fún wọn kí ọlidé tó parí, òun ò sì fẹ́ èyí tí wọn yóò kàn jó, kí wọ́n jẹ ìrẹsì, kí oníkálukú máa lọ sílé. Ó fẹ́ èyí tí ọmọ yóò ti mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí. Ó ní kí n wá bá òun ṣètò rẹ̀.

Mo dá 1 October lábàá lórí fóònù, torí pé ọjọ́ òmìnira ni. Ó ní, “Àbúrò mi, wọ́n á ti wọlé nígbà yẹn. Ta ló ń ṣe àríyá ọlidé nígbà tí kò sí ọlidé?” Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 May, ti kọjá lọ tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá rántí 27 August. Ọjọ́ yẹn ní 1991 ni ìjọba ológun Babangida dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Wọ́n gé lára Kwara, wọ́n gé lára Benue, wọ́n sì fi Lọ́kọ́ja ṣe olú-ìlú. Àárín ọlidé gan-an ló bọ́ sí, kò sì sí ọmọ kankan nínú àwọn tó ń wá sí àgbàlá náà tí kò kàn.

Mo wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn ní ìdájí. Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé mọ̀ ni, n kò ní fi dá yín lágara. Láti Ìkàrẹ́ ni àwọn àpáta Àkókó ti ń yọrí lọ́tùn-ún lósì, nígbà tó sì yá a wọ ilẹ̀ Okun. Ní Kabba, obìnrin tó ń ta iyán kí wa pé “Okun o”, ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ọkọ̀ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwa ará ìwọ̀-oòrùn ṣe máa ń ka Yorùbá tán ní Ọ̀wọ̀, bíi pé àwọn Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kì í ṣe ara wa. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ yìí, ẹ̀bá Lọ́kọ́ja gan-an ni ilé wọn wà.

Láti Kabba dé Obajana, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà, kìlómítà 43. Ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ dáadáa, àfi ibi tí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì bá ti tò tẹ̀lé ara wọn. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ kí n ya fọ́tò òkè, awakọ̀ wa kọ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ wọ Lọ́kọ́ja kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn lẹ́nu àìpẹ́ yìí mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ooru ló kọ́kọ́ ń kí èèyàn ní Lọ́kọ́ja. Òkè Patti dí afẹ́fẹ́ níhìn-ín, odò wà lọ́hùn-ún, ìlú wá há sáàárín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ wá nǹkan ọ̀ṣọ́ lọ́jà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n júwe fún wa kún fún bàlúùnù, bébà dídán àti fìlà oníbébà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó jẹ mọ́ ìfẹ́ orílẹ̀-èdè lòun ń wá, inú ọmọbìnrin tó ń tajà dùn, ó sì fa páálí kan yọ. Pupa, funfun àti búlúù ló wà nínú rẹ̀, ìràwọ̀ kún ara rẹ̀ fọ́fọ́.

“Àǹtí, ẹ wò ó, ti orílẹ̀-èdè ni.”

“Orílẹ̀-èdè wo?”

Ó wo páálí náà dáadáa. “Ó dà bíi ti Amẹ́ríkà, mà.”

Ó jọ pé ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ òmìnira wọn ní 4 July ni ẹnì kan kó wọ̀lú wá. N kò bá ọmọ náà wí. Ohun tó bá dé ọjà ni oníṣọ́ọ̀bù ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi ra aṣọ funfun àti aṣọ àwọ̀ ewé ní ọ̀pá-ọ̀pá, ó ní àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò gé e, tí wọn yóò sì rán an.

Aṣọ yìí ló gbé ìtàn Táíwò Akínkúnmi wá sí ẹnu wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní London nígbà tó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. Ó ya tirẹ̀, àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé, ó sì fi oòrùn pupa sáàárín funfun náà. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn kúrò, wọ́n mú ìyókù, wọ́n sì fún un ní 100 pọ́ùn. Ìbàdàn ló gbé títí ó fi kú ní 29 August 2023, nínú ilé tó kùn ní àwọ̀ àsíá náà. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́n jù mí nìyí: ó ní ìdajì àwọn ọmọ yóò rán àsíá bó ṣe wà, ìdajì yóò dá oòrùn Akínkúnmi padà sí i, kí wọ́n wá jiyàn lórí bóyá àwọn adájọ́ yẹn ṣe é re. Ọmọ tó bá ti jiyàn lórí àsíá kò tún lè gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Mo rò pé orin orílẹ̀-èdè ni yóò rọrùn jù nínú ètò wa. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ìyá àgbà kan ń gbé ilé kejì, ó kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970. Àwọn ọmọ ń fi orin náà dánra wò nínú àgbàlá, ìyá yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kọ ọ́ láti ojú fèrèsé, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la wá ń mi ẹnu lásán. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti yé wa. Orin tí wọ́n lò láti 1960, tí àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì kọ, Lillian Jean Williams tó ni ọ̀rọ̀ àti Frances Benda tó ni ohùn, ìjọba pa á tì ní 1978. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ni àwa kọ nílé-ìwé. Ní 29 May 2024 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó dá ti àkọ́kọ́ padà. Ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ló mọ orin kan náà báyìí, àwa tó wà láàárín ló ń wò.

Ní tèmi, mo ṣì fẹ́ràn ti 1978. Ọmọ Nàìjíríà márùn-ún ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ ṣe é, Benedict Odiase, olórin ẹgbẹ́ ọlọ́pàá, ló sì fún un ní ohùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá sí ìyẹn. Ó ní òfin ni òfin, ó sì lọ bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n wá ṣe olórí orin ní ọjọ́ àríyá. Ìyá ní àwọn yóò wá, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi àwọn jókòó sí ẹ̀yìn.

A fi ọjọ́ kan rin ọ̀nà tí àwọn ọmọ yóò gbà. Ilé-ìwé Holy Trinity ni a kọ́kọ́ dé, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, tí wọ́n kà sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní òkè ọya. Nínú ọgbà rẹ̀ ni irin méjì wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira. Wọ́n ní ẹrú tó bá ti gba àárín irin méjì náà kọjá ti di òmìnira. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Ó bi mí bóyá ó tọ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ẹrú wá sí ibi àríyá ọmọdé.

Mo ní ó tọ́. Ọmọdé ni Crowther fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn akónilẹ́rú mú un ní Òṣóògùn ní 1821. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ní 1841 ó wà nínú ọkọ̀ tó gba Odò Ọya gòkè wá sí ìhà ibí. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọdún kan lẹ́yìn náà ló dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀. Ìtàn ọmọ tí wọ́n jí gbé tó padà wá kọ́ ilé-ìwé, èwo nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n ló dùn tó o? Ẹ̀gbọ́n mi gbà, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba àárín irin náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ sókè bó bá ti kọjá.

Ìtàn mìíràn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ ni ti 1 January 1900. Ní Lọ́kọ́ja yìí ni wọ́n ti sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n fa ti Gẹ̀ẹ́sì sókè lójú Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Lọ́kọ́ja sì di olú-ìlú àkọ́kọ́ fún Àríwá Nàìjíríà. 865,000 pọ́ùn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san fún ilé-iṣẹ́ náà láti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó tẹ̀ lé wa béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n fún àwọn onílẹ̀?” Mo ní kí ó bi gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ àríyá.

Orí Òkè Patti ni a parí rẹ̀ sí. Igi oṣè kan wà níbẹ̀, àwọn tó ń mú àlejò rìn á sì sọ fún yín pé abẹ́ rẹ̀ ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí, tó wo odò, tó sì sọ wá ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn The Times ní London ló gbé orúkọ náà jáde nínú àròkọ tí Shaw kọ, ní 8 January 1897, ọdún márùn-ún kí Shaw tó fẹ́ Lugard. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn igi fún àwọn ọmọ, ká sì sọ ti ìwé ìròyìn náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí lórí òkè náà kò nílò ẹni tí yóò bu iyọ̀ sí i. Odò Ọya ń bọ̀ láti apá kan, Bẹ́núé láti apá kejì, wọ́n pàdé nísàlẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ sí gúúsù. Mo fa ìwé ìrìnnà mi yọ nínú àpò. Àmì orílẹ̀-èdè wa wà lára èèpo rẹ̀: idì lókè, ẹṣin funfun méjì, asà dúdú láàárín wọn. Lára asà yẹn ni ìlà funfun kan wà tó ya sí méjì bíi lẹ́tà Y. Odò méjèèjì yìí ni, ibi tí a dúró sí yìí ni. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó bá wa gòkè bóyá wọ́n ti rí àmì náà rí. Gbogbo wọn ti rí i. Kò sí èyí tó mọ̀ pé ìlú òun ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún bíi mẹ́jọ kan gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wo odò, ó wo ìwé, ó tún wo odò, ó ní, “Àwa ni?”

Ẹnì kan dábàá pé kí a fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn ọmọ lọ sí ojú ìpàdé odò náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Odò a máa ga sí i ní August, ẹni tó sì bá ti rí àgbàrá 2012 àti ti 2022 ní Lọ́kọ́ja, tí ilé rì ní Adankolo àti Ganaja, kò ní kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀. Láti orí òkè ni wọn yóò ti wò ó.

Ó ku oúnjẹ. Èmi fẹ́ àwo tó jọ àsíá: ẹ̀fọ́ lọ́tùn-ún, ìrẹsì funfun láàárín, ẹ̀fọ́ lósì. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ta ni yóò jẹ ẹ̀fọ́ náà. Ìyá àgbà ló yanjú rẹ̀. Wọ́n ní kí a dá ẹ̀kọ tútù, kí a fi ewé pọ́n ọn. Bí ọmọ bá ti ṣí i, ewé á wà lọ́tùn-ún, ẹ̀kọ funfun láàárín, ewé lósì, àsíá nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fi tipátipá kọ́ ọ. A ó fi mọ́ínmọ́ín àti ẹja díndín láti ọjà Kpata tì í. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yóò wà, torí pé láìsí i àwọn ọmọ kò ní gbà pé àríyá ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Lọ́kọ́ja, tàbí tí ẹ ń rán wọn lọ lo ọlidé níbẹ̀, ẹ bá wa ṣe é ní àdúgbò tiyín náà. Ẹ ṣe é ní August, ẹ má jẹ́ kó di October: wọ́n á ti padà sí kíláàsì, àkókò yẹn gan-an sì ni odò máa ń kún jù.