Ohun tí Ìwé Àtìgbàdégbà Ẹgbẹ́ Wa Kọ́ Mi

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn fẹ́ ṣe ìwé àtìgbàdégbà, wọ́n ní kí n gba àwọn nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ wọn gbé mi padà sí ọdún 2002, nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fi èmi náà ṣe ẹni tí yóò to ìwé wọn.

N kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Ojú ìwé 18 ni mo tò. Atẹ̀wé ló là mí lóye pé bébà kan tí a bá ṣẹ́ po láàárín máa ń di ojú ìwé mẹ́rin, nítorí náà 16 tàbí 20 ni mo gbọ́dọ̀ ṣe. Mo gé àròkọ méjì kúrò. Tèmi wà nínú wọn. Mo tún rí i pé bí ìlà bá fún mọ́ra jù, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ a máa kọlu àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè.

Ṣùgbọ́n ojú ìwé kẹta ni ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù wà. Ibẹ̀ ni a ti kí olùkọ́ wa kan tó ń fẹ̀yìn tì, a sì pe àkọlé rẹ̀ ní "Ọ̀wọ̀ fún Olùkọ́ Wa". Fọ́ǹtì tí mo fi tẹ̀ ẹ́ kò sí nínú kọ̀ǹpútà atẹ̀wé. Nígbà tí wọ́n ṣí dísíkẹ́ẹ̀tì mi, àmì àjèjì ló kún ibi tí ẹ àti ọ wà. Ẹni tó ń bá wọn tẹ̀wé sì fi lẹ́tà lásán rọ́pò wọn. N kò lọ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, torí pé mo ti yẹ tèmi wò nílé. Ẹ̀dà 300 jáde pẹ̀lú àkọlé "Owo fun Oluko Wa". Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ pé a ń dá owó fún olùkọ́. Bẹ́ẹ̀, Bàbá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí."

Bàbá wo àkọlé náà títí. "Owó ọ̀hún dà?"

N kò lè gbórí sókè. Wọ́n na bírò sí mi: "Ẹ̀dà tèmi ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe."

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi méjì fi sàmì sí ìyókù. Owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀: mo ti ka irú àpẹẹrẹ yìí ní kíláàsì, mo sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ìdí bírò yẹn ni mo ti mọ̀ pé orúkọ rere ènìyàn lè gbé orí àmì. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti wọ̀ mí lára.

Lónìí, Unicode ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn lórí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, fọ́ǹtì mìíràn kì í gbé àmì ohùn lé ẹ àti ọ dáadáa. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ẹ ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó bá jáde lọ́dọ̀ atẹ̀wé, kí ó tó tẹ èkejì. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ó ń kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.