Ta Ni Kábíyèsí?

Nígbà tí mo wà ní ìpele kejì, olùkọ́ wa nínú iṣẹ́ mofọ́lọ́jì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú pátákó: Kábíyèsí. Ó ní ká tú u palẹ̀. Odindi gbólóhùn ló wà nínú rẹ̀: ká bi í kò sí. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó lè bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní Kábíòsí, èyí sì jẹ́ kí orísun rẹ̀ túbọ̀ hàn. Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sínú ìwé, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé mi délé.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi. Ọdún 35 ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A, B, D. Ó fẹ̀yìntì lọ́dún 2019, títí di òní, wọn ò tíì san owó àjẹmọ́nú ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ìpele kìíní ni mo ṣì wà. Mo kó ẹrù mi wálé, mo sì jókòó ti màmá mi nídìí gààrí tí wọ́n ń tà fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fetí sí àdúrà òwúrọ̀ ilé wa dáadáa. Kò sí ọjọ́ tí bàbá mi kì í gbàdúrà fún gómìnà: pé kí Ọlọ́run fún un ní ọgbọ́n, kó fún un ní àlàáfíà. Gbogbo ilé á ṣe àmín. Èmi á pa ẹnu mi dé.

Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Dádì, ẹni tó jẹ yín lówó lẹ ń bá tọrọ àlàáfíà lójoojúmọ́ yìí o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé àdúrà nìkan ni mò ń gbà fún un? Mò ń fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní kíláàsì mofọ́lọ́jì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo padà sínú ìwé Dáníẹ́lì orí kẹrin. Nebukadinésárì ń rìn lórí ààfin rẹ̀ ní Bábílónì, ó ń yin ara rẹ̀ pé agbára òun lòun fi kọ́ ìlú ńlá náà. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ìdájọ́ fi dé. Wọ́n lé e kúrò láàárín ènìyàn, ó sì ń jẹ koríko bíi màlúù títí ìgbà méje fi kọjá. Ìgbà tó gbójú sókè ọ̀run ni iyè rẹ̀ tó sọ. Ohun tó wá jẹ́wọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè dá ọwọ́ Ọlọ́run dúró, tàbí kó bi í pé kí ló ń ṣe. Ẹ wò ó, Kábíyèsí gan-an ni ọba yẹn pe Ọlọ́run.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé orúkọ yìí tóbi ju orí ènìyàn lọ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, wọ́n ń pe Aláàfin ní Kábíyèsí, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, láṣẹ láti sọ fún ọba pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọba náà gbọ́dọ̀ kú. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní ẹni tí a kì í bi, síbẹ̀ wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n máa bi í.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ti sọ ìgbàgbọ́ di oògùn oorun. Ẹni bá ráhùn nípa ìjọba, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀," ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n àwa tí a kọ́ nípa síńtáàsì mọ̀ pé "Ọlọ́run ń jọba" yàtọ̀ sí "Ọlọ́run ni ó ń jọba." Ìkejì ti pe àkíyèsí alátẹnumọ́: ó mú Ọlọ́run jáde láàárín àwọn yòókù. Ẹni tó bá sọ ọ́ tọkàntọkàn ò ní gbà pé ẹnu gómìnà ni ọ̀rọ̀ parí sí. Nígbà tí Fáráò pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa àwọn ọmọkùnrin Hébérù, àwọn agbẹ̀bí méjì, Ṣífírà àti Púà, bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n sì dá àwọn ọmọ náà sí. Ìgbẹ́kẹ̀lé wọn ò mú kí wọ́n káwọ́ gbera.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì fẹ́ wọ́de lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Bàbá mi fi gègé kọ "E san owo wa" sára páálí. Mo ní, "Dádì, ẹ ò fàmì sí i. Wọ́n lè kà á sí owó, wọ́n lè kà á sí ọ̀wọ̀."

Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá kà á sí ọ̀wọ̀, kò burú. Wọ́n jẹ wá nìyẹn náà."

Mo bá wọn fàmì sí i. Kí wọ́n tó jáde, a kúnlẹ̀, wọ́n tún gbàdúrà fún gómìnà. Gómìnà tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì ti lọ, òmíràn ti dé. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Mo ṣe àmín lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn mi ò ròkè.

Owó náà ò tíì jáde. Mo ti gba káàdì ìdìbò mi. Bàbá mi ṣì ń fẹjọ́ sùn ní aago márùn-ún àárọ̀, páálí náà sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí wọ́n ní àwọn tún máa lọ.