Kí ẹ tó kó tọmọ tàgbà sọdá Sẹ̀mẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ àti àwọn àgbàlagbà yín lọ lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ẹ sì fẹ́ ṣètò rẹ̀ fúnra yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìdó, ní Èkó, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni Olófin àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n ti Ìṣẹ́rí wá. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1901 ni Ìdó sì ti di ẹnu ọ̀nà àjò. Lónìí, ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìdó ni ẹni tó ń lọ Kánò ti ń wọkọ̀. Màmá mi máa ń lọ ra àlùbọ́sà níbẹ̀. Kó tó jáde nílé, á di owó àti oògùn rẹ̀ sínú ọ̀já, á so ó mọ́ ìdí. Á ní, "Ẹrù lè sọnù. Ohun tó wà nídìí mi kò níí sọnù."

Lọ́dún 2018, èmi nọ́ọ̀sì ni mo di ẹrù. Èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti màmá la jọ ń lọ sí Accra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà họlidé gígùn. Mo tú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá kúrò nínú páálí sínú ọ̀rá kan, kó má baà gba àyè. A gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kùtọnu, a dé Lomé, a sì dúró sinmi níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ni màmá ní orí ń fọ́ òun. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 190 lókè, 110 nísàlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ò lo oògùn yín ni?" Wọ́n ní àwọn rò pé ó wà nínú bùútù ọkọ̀ ni, àwọn kò sì fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Ọ̀rá oògùn wà lórí tábìlì ní Ìdó, àwa wà ní Lomé!

Ẹ lè ní ṣebí nọ́ọ̀sì ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, dókítà sì ti pààrọ̀ ti màmá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, tí dókítà béèrè oògùn tí wọ́n ń lò, èsì màmá ni pé, "Funfun kékeré, ti àárọ̀." Àbúrò mi ló wọlé ní Ìdó, tó ka orúkọ ara páálí fún mi lórí fóònù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: amlodipine. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Faransé. Ọlọ́run yọ wá.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí rẹ̀, kó wà nínú àpò tí ẹ fi kọ́ èjìká, kó tó gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò, kó sì lé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti àìsàn tó wà fún sínú ìwé kékeré fún olúkúlùkù. Bí ẹnu àgbàlagbà bá wọ́, tí apá kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, ẹ má dúró de ọ̀la, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló kàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ló ń jẹ́ kí èèyàn gba káàdì ìyeyè, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní yẹ́lò káàdì. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí náà ẹ má fi dìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Láti oṣù keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé ẹni. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lè gbà á. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí, aláboyún, àti ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dín kù, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ má sì ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ o: ìwé kì í lé ibà lọ.

Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà tó gbé Gánà rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ pàápàá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, ìyẹn ló sọ báàgì wa ní Ghana Must Go. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìsí físà, bí ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí ìlera bá pé. Ẹ ka ọjọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ gba àṣẹ kí ọjọ́ náà tó pé. Mali, Niger àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó forí lé ọ̀hún. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń kó ọmọ lọ, kó mú lẹ́tà àṣẹ ẹnì kejì àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ dání.

Lójú ọ̀nà, ẹ máa mu omi. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà sọ̀ kalẹ̀ kó na ẹsẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, torí ìjókòó pípẹ́ lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ẹ di nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání, àti ORS fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́. Ọmọ tó ní sickle cell kò gbọdọ̀ pa oògùn ojoojúmọ́ rẹ̀ jẹ, òùngbẹ àti òtútù kò sì gbọdọ̀ mú un. Bí ẹ bá dé, ẹ wá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín kí ara ẹnikẹ́ni tó ṣàárẹ̀.

Màmá padà sí Ìdó láyọ̀. Bí mo bá ti ń di ẹrù báyìí, wọ́n á bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, oògùn mi dà?" Màá fi èjìká mi hàn wọ́n. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.