Uṣu àti Ulé

Gàrí, ẹ̀wà àti àdúrà ni ìyá mi dì fún mi nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì ní Adó-Èkìtì. Kò sẹ́ni tó rántí èdè nínú wa. Ọmọ Yorùbá ló ń lọ sílẹ̀ Yorùbá, kí ló kù tí yóò tún kọ́?

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Agége gba Ìbàdàn, ó gba Ifẹ̀. Kó tó dé Iléṣà, oorun ti gbé mi lọ. Òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló jí mi, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àpáta. Ní àgbègbè wa l'Ágége, òkìtì ìdọ̀tí nìkan ni mo mọ̀ ní òkè.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo lọ ra iṣu ní Ọjà Ọba. Ìyá oníṣu na ìka sí tirẹ̀, ó ní uṣu òun dára. Èmi, pẹ̀lú gbogbo ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n fi kọ́ mi, mo rọra tún un ṣe fún un: "Iṣu ni, ìyá." Ẹ̀rín pa á títí ó fi jókòó lé àpótí. Ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ọmọ Èkó tó fẹ́ kọ́ òun ní Yorùbá. Láti ọjọ́ náà, Iṣu ni orúkọ mi ní ìsọ̀ yẹn. Bí mo bá ti yọ, wọn á ní, "Iṣu ti dé o!"

Inú mi kò dùn sí i. Mo gbà lọ́kàn mi pé èmi ni mo mọ èdè náà sọ, pé àwọn ni wọ́n ń ṣì í sọ. Olùkọ́ wa kan ló gba ìgbéraga yẹn lọ́wọ́ mi. Ó ní kí a rántí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Lórí ohùn Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé èyí tó pọ̀ jù nínú èdè tí a ń kọ nílé ìwé kà. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, tí wọ́n ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò ṣì í sọ rárá. Ká ní ọmọ Èkìtì ló kọ́kọ́ di kálàmù mú ni, bóyá èmi ni olùkọ́ ì bá máa fi yíǹkì pupa tún iṣu mi ṣe.

Láti ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dẹtí. Ní Agége, jẹnẹrétọ̀ ló ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ti ṣú. Níbí, odó iyán ni. Ìyá onílé wa á pè mí, èmi náà á gba ọmọrí odó. Bí a bá ti ń jẹun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ mí létí díẹ̀díẹ̀. N kò mọ ọjọ́ tó kúrò létí bọ́ sẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò pa mí bọ̀ láti kíláàsì, ìyá mi pè mí lórí fóònù. Mo ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti dé ulé."

Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Kí lo pè é?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Báyìí ni ìyá mi ṣe máa ń pè é."

Iléṣà ni wọ́n ti bí ìyá ìyá mi. Mo mọ ìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n mú ìyá mi dé Èkó ní kékeré, àwọn ọmọ àdúgbò fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sọ ọ́ nù. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yẹ bùbá àtijọ́ wò bóyá ó ṣì gba òun: "Ulé."

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wọ ọkọ̀ padà sí Agége. N kò sùn títí a fi kọjá Iléṣà.